Irin tí ń Pín Agbára: Dífẹ̀rẹ́ńṣà Láàárín Ẹrẹ̀ Tiwa àti Òjò Dídì Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àṣà ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ irin kan ni. Irin náà wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó rí rogodo bí ìkòkò tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Dífẹ̀rẹ́ńṣà ni orúkọ tí a yá fún un láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Dífù ni àwọn mẹkáníìkì gé e kúrú sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sá lọ. Ìtàn wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì wà nínú ìtàn náà.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bá Chicago ni ó ń gbé, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń ṣe, ẹrù a sì máa gbé e dé àwọn òkè ńlá ìpínlẹ̀ Colorado. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí ó ti wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún ọdún 6, ó pinnu láti ra tirẹ̀. Ó pè wá ní Akówọnjọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bi Bàbá léèrè. Ọkọ̀ méjì ni mo rí. Dífù wọn kò jọra, orí òjò dídì ni màá sì ti máa lò ó. Èwo ni kí n rà?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá wa ti lé ní ọdún 80, òjò dídì kò sì kán sí i lórí rí. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ronú sí i ni mo rí i pé ẹni tí ó yẹ kí a bi léèrè gan-an ni àbúrò mi ń béèrè, nítorí ohun tí òjò dídì ń ṣe fún ọkọ̀ ní Colorado, ẹrẹ̀ ti ṣe é fún bàbá mi nínú igbó Ọmọ̀ ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa orúkọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bá ohun kan pàdé tí a kò ní níhìn-ín: ohun funfun tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ní ilẹ̀ òtútù. Òjò dídì ni Bíbélì Yorùbá pè é. Yìnyín ní tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé òun a máa bá òjò wa rọ̀ nígbà mìíràn, tí àwọn ọmọdé yóò máa ṣà á jẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi yìnyín pe gbogbo wọn pọ̀, títí kan èyí tí a ń bù sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ yìí, òjò dídì ni màá pe èyí tí ó rọ̀ tí ó sì funfun; yìnyín ni màá pe omi tí ó dì gbagidi tí ó ń dán lójú títì. Awakọ̀ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì kò ní í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Kí wá ni dífù ń ṣe? Ẹ rántí eré tí a máa ń ṣe lọ́mọdé, tí ọmọ mẹ́fà tàbí méje yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú ní ìlà kan, tí wọn yóò sì máa yí po nínú àgbàlá. Ẹni tí ó wà ní àárín ń tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun lóde ń sáré kí ọwọ́ rẹ̀ má baà já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà sí apá kan. Ẹsẹ̀ tí ó wà lóde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí a bá fi ọ̀pá irin kan ṣoṣo de àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀; táyà yóò máa jẹ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì máa bá awakọ̀ jiyàn pé òun kò fẹ́ yà.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ tí ooru omi ń wà ni wọ́n kọ́kọ́ kojú ìṣòro yìí. Onésiphore Pecqueur, aláago kan ní ilẹ̀ Faransé, ni ó gba àṣẹ ìdásílẹ̀ lórí dífẹ̀rẹ́ńṣà fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1827. Richard Roberts, ará Manchester, gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1832. Ní 1877, James Starley ní Coventry fi í sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Nígbà tí Karl Benz yóò fi gba ìwé àṣẹ lórí mọ́tò rẹ̀ ní Jámánì ní 1886, dífẹ̀rẹ́ńṣà ti wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, irin yìí dàgbà ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí mo ti rò pé mọ́tò ni ó bí i.

Ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀ tí kò ṣeé yọ kúrò, nítorí pé inú ọgbọ́n náà gan-an ni àléébù ọ̀hún ń gbé. Dífù lásán ń pín agbára dọ́gba fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ń kó gbogbo agbára fún èyí tí ó ń yọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣe àpèjúwe. A gbé iyán ka iwájú ènìyàn méjì, a sì ní òkèlè tí ẹnìkíní bá jẹ ni ẹnìkejì gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ lé. Ọ̀kan jẹ́ alágbára, ìkejì ń ṣàìsàn. Bí aláìsàn bá jẹ òkèlè kan, òkèlè kan náà ni alágbára yóò jẹ, ebi yóò sì pa á níbẹ̀ tòun ti agbára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó wà nínú ẹrẹ̀ ni aláìsàn náà. Nítorí pé ilẹ̀ kò dì í mú, ìwọ̀nba agbára díẹ̀ ni ó lè gbà, ìwọ̀nba díẹ̀ náà sì ni èyí tí ó dúró lórí ilẹ̀ líle yóò rí gbà. Ọkan yóò máa pòòyì lórí asán, ìkejì yóò dúró gbọin, ọkọ̀ kò sì ní í kúrò lójú kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé. Akówọnjọ tí mo ti ń kọ̀wé yìí wà ní Alímọ̀ṣọ́, láàárín Dópẹ̀mú, Ṣàṣá àti Ẹ̀gbẹ́dá. Etí mi gbọ́ "a kó wọn jọ" nínú orúkọ náà, mo sì rí i pé ó bá a mu, nítorí kò sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀ lónìí. Títì àti ilé ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, oko ni gbogbo agbègbè yìí títí dé Agége. Ní Agége ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó àti obì lọ rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbìn Agége, Agege Planters' Union, sílẹ̀ ní 1907. Orí ènìyàn ni irè oko kọ́kọ́ ń gùn. Nígbà tí a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Agége kọjá, ẹrù bọ́ lórí ènìyàn díẹ̀. Ní 1906 ni a ṣe ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún mọ́tò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkó bíi William Akínọlá Dáwódù bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò, tí wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wá gba ilẹ̀ wa kan ni Bedford. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1931. Orí àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó sábà máa ń tòkè òkun dé. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán yóò sì kọ òwe àti àdúrà sí i lára. Èyí tí ń kó èrò ni a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo bí gbólóhùn odindi ti di orúkọ: bọ́ sílẹ̀ kí a jà. Èyí tí ń kó gẹdú ni agbégilódò. Orúkọ yìí náà jẹ́ gbólóhùn: ẹni tí ó gbé igi ní odò. Etí ọ̀sà ni gẹdú ń lọ nígbà náà lóòótọ́, sí Òkobàbá ní Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta, níbi tí àwọn alágbàlágbà ẹ̀rọ ti ń la á sí pákó.

Ta ni ó yan dífù fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí? Kì í ṣe àwa. Àwọn tí wọ́n yàwòrán Bedford ń ro títì olọ́dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí dífù lásán ti tó, tí ó sì dára jù, nítorí pé ó rọrùn, kò wọ́n, kì í sì í bá táyà jà. Níhìn-ín, ọkọ̀ kan náà a máa kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, láti ibẹ̀ dé inú amọ̀, láàárín ìrìn àjò kan. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ra ìpinnu ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ àtijọ́ kò mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí a lè yàn.

Bàbá mi ra Bedford àlòkù ní 1971, ó sì sọ ọ́ di agbégilódò. Apá ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà, nítorí pé apá òsì ni Nàìjíríà ṣì ń gbà nígbà náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo wa kọjá sí apá ọ̀tún. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ náà kò ba òun lẹ́rù tó ọjọ́ tí òjò bá bá òun nínú igbó. Inú igbó Ọmọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lápá J4, ni ó ti ń gbé igi. Igbó ọba ni, ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti 1925, àwọn tí wọ́n sì ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gé igi níbẹ̀. Ojú ọ̀nà inú rẹ̀, amọ̀ ni. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, yóò dà bí ọṣẹ.

Ọmọ ọkọ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ó wà láàyè. Bọ̀ọ̀dá ni àwa ọmọ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, kí ó ju igi, màrìwò ọ̀pẹ tàbí yangí sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbé igi ìdènà ti ẹsẹ̀ kejì kí ọkọ̀ má baà padà sẹ́yìn. Nígbà mìíràn wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi ṣú. Ní 1974, wọ́n sun oorun ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ mìíràn tí ó ní wáyà tí yóò fà wọ́n jáde. Owó ọ̀sẹ̀ kan ti lọ, ẹni tí ó ni igi sì ti wá ọkọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ kan fi ọgbọ́n kan hàn án. Gíà kéékèèké mẹ́rin wà nínú dífù tí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè yàtọ̀ síra. Bí a bá jó wọn pọ̀, ìyàtọ̀ tán: ẹsẹ̀ méjèèjì di ẹyọ kan. Ní 1975, bàbá mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórin kan, ó tú dífù sílẹ̀, ajórin jó gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ gbagidi. Láti ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ kò mú un mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń yọ̀, èyí tí ó dúró lórí ilẹ̀ líle yóò ti ọkọ̀ jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan sáárá sí i. Òun náà sì gbà pé òun ti gbọ́n ju òyìnbó lọ.

Ó lo ọgbọ́n náà fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, lójú títì olọ́dà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ̀ pé òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ burú ju èyí tí ó ti ń rọ̀ tipẹ́ lọ, nítorí òróró àti ekuru ojú títì ni ó kọ́kọ́ ń pò pọ̀. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Bàbá mi yí ìdarí. Ẹsẹ̀ iwájú yà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tí a ti sọ di ọ̀kan kò gbà. Wọ́n ti ọkọ̀ síwájú gbọọrọ, ó sì lọ tààrà sínú kòtò. Gẹdú já. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bọ̀ọ̀dá wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a ti gé e ní orókún.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó rọrùn fún ará yòókù láti sọ ọ́. Bàbá mi ta ọkọ̀ náà ní àlòkù irin, kò sì wakọ̀ gẹdú mọ́. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fi máa lè fi ọ̀pá rìn dáadáa, bàbá mi sanwó kí ó kọ́ iṣẹ́ táyà lílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún un, ó sì wá ojúlé kan fún un ní Akówọnjọ ní 1980. Ibùdókọ̀ kan wà níhìn-ín tí a ń pè ní Vulcanizer. Kì í ṣe òun ni ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ mọ́ o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pa irọ́ náà fún àwọn àjèjì, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Di òní olónìí, "Ọ̀gá" ni ó ń pe bàbá mi. Bàbá mi kò sì jẹ́ kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí òun rí.

Ohun tí bàbá mi kò mọ̀ ní 1975 ni pé àwọn ẹlòmíràn ti ń wá ọ̀nà àárín tipẹ́tipẹ́. Ní 1935, nígbà tí agbára ọkọ̀ eré ìje Auto Union pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan a máa pòòyì ní kọ́nà, Ferdinand Porsche ní kí ilé iṣẹ́ ZF ní Jámánì ṣe dífù tí yóò dín yíyọ̀ náà kù. Packard fi irú rẹ̀ sí mọ́tò tí a ń tà fún aráàlú ní Amẹ́ríkà ní 1956. Ní 1958, Vernon Gleasman gba àṣẹ ìdásílẹ̀ lórí òmíràn tí ó jẹ́ gíà nìkan. Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni dífù tí awakọ̀ lè tì pa láti orí ìjókòó rẹ̀, kí ó sì ṣí i nígbà tí ó bá fẹ́. Èkejì ni èyí tí ń ti ara rẹ̀ pa láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti wọlé nìyí. Ọkọ̀ kìíní tí ó rí jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ìlà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní dífù mẹ́ta: ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan láàárín àwọn ìlà méjèèjì. Bí a kò bá ti ìkankan pa, ẹyọ ibì kan ṣoṣo tí ó ń yọ̀ lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Bí a bá ti ti àárín pa, ó kéré tán apá kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan yóò máa fà. Bí a bá ti gbogbo rẹ̀ pa, gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò máa yí pọ̀. Bọ́tìnnì méjì wà níwájú awakọ̀ fún un. Ọkọ̀ kejì jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ìlà kan ṣoṣo, tí ìlà kejì kàn ń ru ẹrù. Ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kì í mu epo tó o, wọ́n sì ń tà á ní $4,000 dín sí ti àkọ́kọ́. Dífù tí ń ti ara rẹ̀ pa ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń tà á sọ pé èyí ni ó dára jù lórí òjò dídì, nítorí pé awakọ̀ kò ní ohun tí yóò máa rò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù sáàárín bàbá mi àti Bọ̀ọ̀dá, mo sì yí ohùn rẹ̀ sókè.

Bàbá mi bi í pé, "Báwo ni ojú ọ̀nà yẹn ṣe rí?"

Àbúrò mi ṣàlàyé. Ó ní títì I-70 ń gun òkè láti Denver títí yóò fi wọ ihò Eisenhower, tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ sókè òkun. Ó ní òfin Colorado pa á láṣẹ pé ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ gbé ṣéènì táyà dání lójú ọ̀nà náà láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù karùn-ún. Ó ní bí a bá ti gòkè tán, ìsọ̀kalẹ̀ wà, kọ́nà sì wà nínú ìsọ̀kalẹ̀ náà, ibi òjìji òkè ni yìnyín sì máa ń dì sí tí ojú kì í rí i.

Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀. "Ẹrẹ̀ gòkè, ẹrẹ̀ sọ̀kalẹ̀," ni ó wí. "Èyí tí ń ti ara rẹ̀ pa yẹn, ta ni ń ṣí i?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá. Bí mo bá yà, ẹsẹ̀ òde yóò fẹ́ sáré ju ti inú lọ. Ilẹ̀ ni yóò fipá yí i, òun ni yóò sì ṣí i."

"Ṣé yìnyín lè fipá yí nǹkan?"

Àbúrò mi kò fèsì. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí mo ti ń kà nínú ìwé láìlóye. Dífù tí ń ti ara rẹ̀ pa gbára lé ilẹ̀ tí ó di táyà mú kí ó tó lè ṣí. Lórí títì gbígbẹ, kò sí wàhálà. Lórí yìnyín, ilẹ̀ kò ní ọwọ́ tí yóò fi dì í mú. Bí awakọ̀ bá ṣì ń tẹ iná, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò wà ní títì, wọn yóò sì yọ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ń yí láìyọ̀ a máa di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kí ó má gbá sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò di ẹ̀yìn mú mọ́. Dífù lásán, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, a máa fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Níbi tí yìnyín ti yàtọ̀ sí ẹrẹ̀ nìyẹn: nínú ẹrẹ̀, ewu tí ó wọ́pọ̀ ni kí ọkọ̀ má kúrò lójú kan; lórí yìnyín, ewu ni kí ó kúrò.

Bọ̀ọ̀dá ni ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Kò tíì sọ ohunkóhun láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀." Ó súnmọ́ fóònù. "Ọmọ mi, ṣé bọ́tìnnì ti àkọ́kọ́ yẹn, bí o bá ti tì í, o lè ṣí i fúnra rẹ?"

"Mo lè ṣí i, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní kí n tì í kí táyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kí n máa rọra lọ, kí n sì ṣí i kí n tó dé kọ́nà."

"Ra èyí tí o lè ṣí."

Bàbá mi kò wo ojú rẹ̀. Ó kàn mi orí, bí ẹni pé òun ni ó sọ ọ́.

Ó yẹ kí n fi òtítọ́ kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé dífù ni oògùn gbogbo ìṣòro. Àbúrò mi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ó há lórí òkè náà, pẹ̀lú dífù mẹ́ta tí ó ti pa. Ṣéènì ni ó fi jáde. Ó dùbúlẹ̀ sínú òjò dídì, ó ń so ó mọ́ táyà nínú òtútù tí kò jẹ́ kí ó mọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Dífù kò lè mú kí ilẹ̀ di táyà mú ju bí ó ti lè dì í mú lọ. Ìwọ̀nba tí ó wà ni ó lè pín. Táyà tí ó dára àti ṣéènì ni ń mú ìwọ̀nba náà pọ̀ sí i. Bọ̀ọ̀dá, tí ó ti ń lẹ táyà láti 1980, ti sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà nítorí pé mo rò pé ọjà rẹ̀ ni ó ń polówó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò mi fi fọ́tò inú ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Mo mú un lọ sí ojúlé Bọ̀ọ̀dá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì béèrè èwo ni ti títì, èwo ni ti ṣíṣí. Mo ṣàlàyé fún un pé ibì kan náà ni: a ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ láti tì í, a ó gbé e sókè láti ṣí i. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó sì wo bọ́tìnnì náà pẹ́ títí iná ojú fóònù fi kú.